Mo ṣe àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ lọ́dọ̀ dókítà orí fóònù láti Ìkòròdú: bó ṣe rí nìyí

Nínú ìwé àyẹ̀wò tí ìjọ fún èmi àti àfẹ́sọ́nà mi pé ká lọ ṣe kí wọ́n tó so wá pọ̀, HIV, jẹ́nótáìpù àti oyún ló wà níbẹ̀. Kò sí àtọ̀sí, kò sí kílámídíà, kò sí sífílíìsì, kò sí jẹdọ̀jẹdọ̀ B. Opó ni mí, òun náà sì ti níyàwó rí kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀. Àgbà méjì tó ti gbé pẹ̀lú ẹlòmíì rí, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa ara wọn ju ohun tó wà nínú ìwé yẹn lọ. Ohun tó jẹ́ kí n wá dókítà orí fóònù nìyẹn.

Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú á mọ ìdí tí mi ò fi gba láàbù àdúgbò lọ. Aránṣọ ni mí, ní apá Agric. Èmi ni mo ń rán aṣọ ẹbí fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà lágbègbè wa, ẹni tó sì ń kọ orúkọ sílẹ̀ ní láàbù kan lọ́nà Sábó, inú ẹgbẹ́ akọrin kan náà la jọ wà. Kò dìgbà tó bá sọ̀rọ̀ burúkú. Kó ṣáà ti sọ pé, "Mo rí Àǹtí Télọ̀ ní láàbù wa lánàá," ó ti tó.

Apá Àílàńdì ni iléeṣẹ́ tí mo lò wà. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó sanwó, dókítà á pè yín ní àkókò tí ẹ bá mú, ọlọ́kadà á gbé àpótí àyẹ̀wò wá, á sì gbé e padà lọ sí láàbù. Ní ti ẹ̀jẹ̀, wọ́n á rán nọ́ọ̀sì wá sílé. Ẹni tó wá bá mi kò wọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé báàgì bíi ti oníbàárà, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà yẹn ni mo fẹ́ yìn jù. Obìnrin ni, Yorùbá ló sì bá mi sọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, mo máa bi yín láwọn nǹkan kan tó jẹ́ àṣírí yín, torí kí n lè mọ àyẹ̀wò tó kàn yín ni." Ó bi mí nígbà tí mo bá ọkùnrin lò pọ̀ kẹ́yìn, bóyá a lo kọ́ńdọ̀mù, bóyá nǹkan ń dà lójú ara mi, bóyá ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn mí, bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ó ní ìyẹn nìkan ò tó gbọ́kàn lé, pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí kílámídíà wà lára wọn kì í mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó lè máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ jẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí àìrọ́mọbí tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tó bèèrè nídìí. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe ní kùtù jù lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Kílámídíà àti àtọ̀sí máa ń fẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kí àyẹ̀wò tó rí wọn dáadáa. Ní ti HIV, èyí tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ṣe ní láàbù, tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀ àti ohun tí ara fi ń bá a jà, ọjọ́ 45 ni kéèyàn kà kó tó fọkàn balẹ̀. Sífílíìsì lè gbà tó oṣù mẹ́ta. Láàbù tí mo ti ń lọ tẹ́lẹ̀, iye owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fúnni. Wọn kì í bi èèyàn ní ọjọ́ kankan.

Mo tún bi í nípa kòkòrò tí wọ́n ń pè ní sítáfú. Ẹ̀yin obìnrin bíi tèmi mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé sítáfú wà lára rẹ̀, àgbo inú ìgò kan ò tíì tán tó fi ń ra òmíràn, ọkọ rẹ̀ sì ń fura sí i. Dókítà ní sítáfú kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Ó ń gbé lára awọ àti nínú imú ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn dá ṣáṣá, kò sì yẹ kí wọ́n torí pé wọ́n rí i nínú àyẹ̀wò máa da oògùn bo ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo fi fóònù sí gbangba kí ẹ̀gbọ́n mi fetí ara rẹ̀ gbọ́. Owó táwọn obìnrin wa ń ná sórí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

Àpótí àyẹ̀wò náà ò ju páálí ṣúgà oníhóró lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìgò pẹnpẹ tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀rá tó ṣeé lẹ̀ pa, àti ìwé alájùúwe. Ẹ ó fọwọ́, ẹ ó ki igi náà bọ ojú ara níwọ̀n íǹṣì méjì, ẹ ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó tì í bọ inú ìgò, ẹ ó ṣẹ́ ẹ níbi tí wọ́n fàlà sí, ẹ ó dé e. Kò dùn mí rárá, ó sì péye bí èyí tí dókítà bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Ìtọ̀ ni ti ọkùnrin. Àfẹ́sọ́nà mi ń ṣiṣẹ́ ní Sèmè, l'Àgbádárìgì lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n gbé tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó má tọ̀ fún ó kéré tán wákàtí kan ṣáájú, kó sì gbe èyí tó kọ́kọ́ jáde gan-an, kì í ṣe ti àárín tí wọ́n máa ń ní ká gbè fún àwọn àyẹ̀wò ìtọ̀ mìíràn.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ mí ni ìwé àdírẹ́sì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí náà. Páálí funfun lásán ni wọ́n ṣèlérí, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ "STI", ìyẹn àrùn ìbálòpọ̀ lédè òyìnbó, sábẹ́ orúkọ mi gàdàgbà. Ọmọṣẹ́ mi ló gbà á lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ẹni tó ń gbowó láti bá ni pa àṣírí mọ́ ò gbọdọ̀ ṣe irú èyí. Mo pè wọ́n, wọ́n bẹ̀ mí, páálí tó lọ sí Sèmè kò sì ní i. Owó wọn náà ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí láàbù Sábó ń gbà. Fídíò ò ṣeé wò nítorí nẹ́tíwọ̀kì, ohùn lásán la fi parí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí èsì dé, wọn ò kàn jù ú sórí WhatsApp. Dókítà pè mí, ó bi mí bóyá èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, kó tó sọ pé kílámídíà wà lára mi, pé àwọn yòókù ò sí. Àyà mi já. Lójú ẹsẹ̀ ló ti sọ pé àyẹ̀wò ò lè sọ ẹni tó kó o ran ẹnì kejì, pé ó lè ti wà lára ọ̀kan nínú wa fún oṣù púpọ̀ láìfọhùn. Ó pe àfẹ́sọ́nà mi lọ́tọ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan fún ẹnì kejì. Àwa fúnra wa la jọ sọ ọ́. Ó wà lára tirẹ̀ náà. Mo gbà pé bí dókítà ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ni kò jẹ́ kó di ìjà.

Oògùn doxycycline mílígíráàmù 100 ni wọ́n kọ fún wa, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, pẹ̀lú omi púpọ̀, kéèyàn má sì tètè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tó bá lò ó. Wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé mi ò lóyún. Kò gbọdọ̀ sí ìbálòpọ̀ títí àwa méjèèjì á fi lo tiwa tán, a ó sì tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kẹ́míìsì ní Ògólóńtò ni mo ti ra tèmi, mo sì wo nọ́ńbà NAFDAC kí n tó sanwó.

Màá tún lò wọ́n. Àmọ́ ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ wọn dé. Bó bá jẹ́ àtọ̀sí tàbí sífílíìsì ni wọ́n rí, abẹ́rẹ́ ni, èèyàn gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbà á. Ajẹsára jẹdọ̀jẹdọ̀ B tí wọ́n ní kí n gbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà, fóònù ò lè gún un. Bí ibà bá mú yín pẹ̀lú inú rírun nísàlẹ̀ ikùn, ẹ má dúró de àpótí kankan, ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì fipá bá lò pọ̀, oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ wọlé kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Mirabel Centre tó wà nínú LASUTH, ọsibítù Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó n'Ìkẹjà, ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.