Ríìmù 15, 16, 17 tàbí 18 fún Corolla: ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó sanwó

Corolla tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 2009 sí 2013, la fi ṣe ìfiwéra yìí. Oríṣi ríìmù mẹ́ta ni Toyota fúnra rẹ̀ tà mọ́ ọn: 15, 16 àti 17 (íǹṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n). Ríìmù 18, ọjà ìta ni: kì í ṣe Toyota ló tà á mọ́ ọkọ̀ náà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé R lára táyà ni ti ríìmù rẹ̀.

| Táyà | Gíga rẹ̀ (mm) | Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (mm) |
|---|---|---|
| 195/65R15 | 634 | 127 |
| 205/55R16 | 632 | 113 |
| 215/45R17 | 625 | 97 |
| 225/40R18 | 637 | 90 |

Gíga táyà ni kí o kọ́kọ́ wò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá gbé 205/65R16 fún ọ, tó ní 16 kò ju 16 lọ, gíga tìyẹn jẹ́ 673, ó fi ìdá 6 nínú 100 ga ju ti 15 lọ. Nígbà tí mítà bá ń sọ 100 km ní wákàtí kan, 106 lo ń sá, bẹ́ẹ̀ 100 ni òfin fàyè gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Nàìjíríà. Táyà náà tún lè máa ha fẹ́ńdà bí o bá yí sítíárìn dé òpin.

Ríìmù 16 la fẹ́ kí o rà. Ọkọ̀ á dúró dáadáa ní kọ́nà ju ti 15 lọ, ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ sì ṣì lè gba kòtò. 17 dùn lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Tó bá bọ́ sí kòtò, ríìmù á tẹ̀, okùn inú táyà á já, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wú kókó. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lórí eré. Bí 17 bá wù ọ́ dandan, wá èyí tí wọ́n kọ 91 (nọ́ńbà ẹrù tí táyà kan lè gbé) àti XL (táyà tí wọ́n fún lágbára láti gbé ẹrù púpọ̀ sí i) sí lára. 91 ń gbé 615 kg, 87 ń gbé 545 péré. 18 kò yẹ ojú ọ̀nà wa rárá.

Ihò ríìmù ló léwu jù. Ti Corolla yìí jẹ́ 5×100 (ihò bóòtì márùn-ún tó yí ká òbírí tó fẹ̀ tó 100 mm), ti Camry jẹ́ 5×114.3. Má gbà kí ẹnikẹ́ni lu ihò tuntun tàbí kó fi tipátipá dè é: nọ́ọ̀tì á máa tú, bóòtì á já, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yọ. Ihò àárín jẹ́ 54.1 mm, bí ti ríìmù tuntun bá fẹ̀ jù ú lọ, ra òrùka tó ń dí àlàfo náà, kí sítíárìn má baà máa gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì aláwáṣà pẹrẹsẹ tó bá ríìmù Toyota wá kì í sábà bá ríìmù ọjà ìta mu. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ni wọ́n ń lò fún un.

Ní ti òfin, táyà tòkunbọ̀ wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fòfin dè. Tuntun ni kí o rà, kí o sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, àmì ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Ọdún 4 ni FRSC ń kà fún táyà. Bí o bá ní ìbánigbófò tó kárí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìbánigbófò rẹ kí o tó pààrọ̀ ríìmù, torí wọ́n lè kọ̀ láti sanwó bí ìjàm̀bá bá dé.

103 Nm (ìwọ̀n agbára ìdè) ni kí wọ́n fi de nọ́ọ̀tì. Tún un dè lẹ́yìn 80 km.