Wíwọn àlàfo ojú méjì pẹ̀lú PC-DMIS: ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́

Iṣẹ́ ìyẹ̀wò ni mò ń ṣe nílé-iṣẹ́ kan tó ń gé irin àti alumíníọ̀mù ní Coventry. PC-DMIS, sọ́fítíwià ti Hexagon, ló ń darí ẹ̀rọ CMM wa, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ kan iṣẹ́ lára níbi púpọ̀ láti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ń wá àgbéyẹ̀wò gbogbo ohun tí sọ́fítíwià yìí lè ṣe kò ní rí i níbí o, torí orí ẹyọ kan ni mo máa dúró sí: àlàfo tó wà láàárín ojú pẹrẹsẹ méjì tó yẹ kó dọ́gba síra wọn, tí àwòrán iṣẹ́ sì ti sọ iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́ àti ibi tó lè yẹ̀ dé. Lójú ẹni tí ò ṣe é rí, kò sóhun tó rọrùn tó o. Lọ́dọ̀ tiwa, òun ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín àwa, àwọn tó ń gé iṣẹ́, àtàwọn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Alumíníọ̀mù gbọọrọ kan ni. Ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ká pè é ní B, gùn tó 280 mm. Lókè, ní ìpẹ̀kun kan, pèpéle kékeré kan wà tí kò ju 20 mm lọ, A nìyẹn. Àwòrán ní kí A sí B jẹ́ 40 mm, kó má sì fi ju 0.05 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Máíkírómítà ka 40.01 lórí pèpéle náà. Nínú PC-DMIS, ẹ ṣí àṣẹ Distance, ẹ mú 3D, ẹ tẹ A, kẹ́ ẹ wá tẹ B: 40.01 náà ló gbé wá. Ẹ yí i padà, ẹ tẹ B ṣáájú A: ó di 40.075. Iṣẹ́ kan náà, ibi kan náà tí abẹ́rẹ́ ti fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan yege, èkejì di èyí tí à ń dà nù.

Kì í ṣe pé sọ́fítíwià ṣi nǹkan kà. Òfin rẹ̀ ni pé bó bá jẹ́ ojú pẹrẹsẹ méjì lẹ fún un, èyí tẹ́ ẹ mú ṣìkejì ló máa fi ṣe datum, ìyẹn ojú tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Á wá mú àárín gbùngbùn ti àkọ́kọ́, á sì wọn ún lóròó dé orí ìkejì. Pèpéle A yìí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, 0.01 mm péré láti etí kan dé èkejì. Lórí 20 mm, ta ló máa rí i? Ṣùgbọ́n tí A bá di datum, sọ́fítíwià á na ojú kékeré yẹn títí dé àárín B, tó jìnnà sí i ní 130 mm, títẹ̀ náà á sì ti di 0.065 kó tó débẹ̀. Ẹ fi kún 40.01, ẹ ti rí ibi tí 40.075 ti wá.

Ẹni tó gé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ di gbogbo ẹ̀bi ru ooru yàrá. Lóòótọ́, 20 °C ni ISO 1, ìlànà àgbáyé fún ooru ìwọ̀n, fi ṣe òdiwọ̀n, alumíníọ̀mù a sì máa fẹ̀ ní nǹkan bíi 23 máíkírónì lórí mítà kan fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ lórí 40 mm, dígírì márùn-ún kò mú un tó 0.005. Ooru kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo wá ni òótọ́ nínú méjèèjì?" Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Lọ bi ẹni tó ya àwòrán."

Mi ò fi ṣàwàdà. ISO 14405-2, ìlànà àgbáyé lórí òdiwọ̀n inú àwòrán iṣẹ́, sọ ọ́ gbangba pé irú òdiwọ̀n báyìí, tí kì í ṣe ti ojú méjì tó kọjú síra wọn délẹ̀délẹ̀, máa ń ní ìtumọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ tó bá jẹ́ àmì ± nìkan ni wọ́n fi sí i. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni datum kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, àti profile fún ojú kejì, ìyẹn ààlà tí gbogbo ojú náà kò gbọ́dọ̀ yà kọjá. Ibí yìí gan-an ni PC-DMIS ti wù mí jù. Láti ẹ̀dà 2020 R2 ni wọ́n ti gbé àṣẹ Geometric Tolerance wọlé, ẹni tó bá sì fi wọn irú profile yìí dípò Distance, inú àṣẹ náà gan-an ló ti máa dárúkọ datum rẹ̀. Kò sáyè pé o ṣèèṣì tẹ ọ̀kan ṣáájú ìkejì.

Distance 2D náà wà, mo sì máa ń lò ó fún àyẹ̀wò kíákíá nígbà tí wọ́n bá ṣì ń gé iṣẹ́ lọ́wọ́. Kìkì pé ibi tẹ́ ẹ bá gbé alignment kà, ìyẹn bẹ́ ẹ ṣe sọ fún sọ́fítíwià pé iṣẹ́ dojú kọ, ló ń pinnu ohun tó máa kà. Tí alignment bá wọ́, èsì á wọ́, kò sì ní pariwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ojú àmì mẹ́ta péré, ìyẹn ibi mẹ́ta tí abẹ́rẹ́ fọwọ́ kàn, wọn ojú pẹrẹsẹ. Ojú àmì mẹ́ta kì í ní gbágungbàgun láéláé. Flatness rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n gbágungbàgun ojú náà, á jẹ́ òdo bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ fi òòlù lu iṣẹ́ náà. Ẹ tan ojú àmì káàkiri, dé etí, pàápàá lórí ojú kékeré bíi A.

Ohun tó dùn mí ni ti ilé-iṣẹ́ tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ wa bá a ṣe ń yí àwọ̀ ìwé èsì padà, wọn ò mẹ́nu kan ti èwo ló ṣáájú rárá. Ó wà nínú ìwé ìlò sọ́fítíwià náà kedere, àmọ́ ta ló ń ka ìyẹn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ nílẹ̀?

Ṣé ó yẹ kẹ́ ẹ rà á? Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín kún fún datum àti profile, bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi sí i. Tó bá jẹ́ kìkì gíga àti gígùn lẹ ń wọ̀n, height gauge, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn gíga, lórí tábìlì gíráníìtì tó ìyẹn ṣe, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tibí. Tẹ́ ẹ bá ti pinnu láti rà á, ẹ gbé iṣẹ́ tiyín lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi hàn yín, èyí tí ojú rẹ̀ kan kéré tí èkejì gùn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, A sí B, lẹ́yìn náà B sí A. Ẹ gbọ́ àlàyé tí wọ́n máa ṣe kẹ́ ẹ tó yọ owó.