Ife àyẹ̀wò ìtọ̀ fún àwa tá a ní mọ́tò: ẹ wò ó bóyá tramadol wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ni mo ní. Àwọn kan ń ná Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan ń lọ Bìní. Ẹni tó bá ní mọ́tò lójú ọ̀nà yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Tí Iléyá bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí Ojúde Ọba sì wà lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ kì í fẹ́ sùn mọ́. Ó fẹ́ lọ Bìní kó sì padà lóru ọjọ́ kan náà, kí owó tó máa jábọ̀ fún mi pé, kí tiẹ̀ náà sì ṣẹ́ kù. Gáréèjì náà ni agbára yẹn ti ń wá. Ìyá oníparága á gbé ọ̀pá ẹ̀yìn kalẹ̀ nínú ìgò, ọmọkùnrin kan á jókòó sítòsí rẹ̀, á máa ta tramadol ní ẹyọ-ẹyọ. Oní-mílígíráàmù 225 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 50 àti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí.

Ìdí tí mo fi ń ra nǹkan tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò nìyẹn. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ káàdì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀, ìkejì jẹ́ ife olómorí tí káàdì náà ti wà lára rẹ̀.

Káàdì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi ní kẹ́míìsì kan ní Mákún ní ojú márùn-ún. THC ni ti igbó, COC ni ti kokéènì, MOP ni ti mọfíìnì, AMP ni ti amfẹ́támìnì, BZO sì wà fún oògùn oorun bíi diazepam. Mo ní tramadol ńkọ́? Ọmọ tó ń tajà ní MOP á mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. MOP máa ń mú kódíìnì, àmọ́ ojú ọ̀tọ̀ ni ti tramadol, TRA tàbí TML ni wọ́n máa ń kọ sórí rẹ̀. Mo dá káàdì náà padà fún un. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, lórí Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, ka àwọn tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan sí mílíọ̀nù 14.3. Igbó ló ṣáájú, tramadol àti kódíìnì àtàwọn ẹbí wọn ló tẹ̀lé e. Ta ló wá ń kó káàdì tí kò ní tramadol wá sí Ṣàgámù? Lójú tèmi, àwọn tó ṣe é, awakọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ife ni mo ń rà báyìí, èyí tó ní TRA. Owó rẹ̀ kò wọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni bébà kékeré tó ń wọn bí ìtọ̀ ṣe gbóná tó. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára èèyàn, láàárín 32 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà. Awakọ̀ kan wọ ilé ìtọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó gbé ife jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nọ́ńbà kankan ò tàn lórí bébà. Mo fọwọ́ kan ara ife, ó tutù bí omi àmù. Mo ní, "Ta ló ni ìtọ̀ yìí?" Ó wolẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ti ọmọ ìyá mi ni." Inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dà á sí, ó fi sínú àpò ṣòkòtò láti ilé.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í kà ni ìlà. Ìlà kan, oògùn wà nínú ìtọ̀ nìyẹn; ìlà méjì ni àláfíà. Ẹni tó bá ti fi irú rẹ̀ yẹ oyún wò rí máa kà á sódì. Kọ̀ńdọ́ mi kan rí ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ THC tiẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ní ẹ wá wò ó, kò mú nǹkan kan. Dírẹ́bà tó dúró tì í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tí ìlà kejì bá fara hàn, kódà kó rí fẹ́ẹ́rẹ́, kó má hàn dáadáa, ẹ kà á kún. Tí ìlà C, èyí tó ń fi hàn pé ife ń ṣiṣẹ́, kò bá jáde rárá, ife náà ti bàjẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kẹ́ ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ lọ jẹun, ohun tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ kì í ṣe òótọ́ mọ́.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún tí mo fẹ́ fún ife yìí, mo yọ ọ̀kan nítorí Colorado, ìyẹn igbó àfọwọ́ṣe tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Igbó gidi nìkan ni THC mọ̀, Colorado á kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ife yìí kò sì lè sọ ìgbà tí èèyàn lo nǹkan. Ẹni tó ń mu igbó lójoojúmọ́, ó lè tó oṣù kan kó tó kúrò nínú ìtọ̀ rẹ̀. Tramadol kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Awakọ̀ mi kan wà tí TRA mú, àṣé ilé ìwòsàn ló kọ ọ́ fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Nítorí náà ẹ bi í léèrè ná, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ilé àyẹ̀wò tún un wò kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Òde-Rẹ́mọ kan tí TRA mú kò ní káàdì. Ó sọ ọ́ fún mi pé nígbà tí òun ń wakọ̀ lóru fún ẹlòmíì ni ẹnìkejì òun fún òun ní ẹyọ kan, kí òun má bàa tòògbé. Ní báyìí tí kò bá lò ó, imú á máa dà, inú á máa lọ, gbogbo eegun á máa ro ó. Ọmọ tó ń tà á fún un, mo mọ̀ ọ́n. Ó ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì lọ́dọ̀ wa níbí tẹ́lẹ̀, àwìn tramadol tó ń lò ló di gbèsè, tí ẹni tó ni ọjà fi ní kó máa bá òun tà á. Ẹni tó ni ọjà yẹn, kò sẹ́ni tó ń rí i ní gáréèjì.

Àwọn kan ní kí n fa ọmọ Òde-Rẹ́mọ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Nọ́ńbà NDLEA tí wọn kì í gba owó ìpè, 080010203040, ni mo pè. Obìnrin tó gbé e kò béèrè ẹni tó tà á fún un, bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun ló ń béèrè. Ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta ló ń lọ báyìí. Ó ṣì ń wakọ̀ fún mi, àmọ́ kò lọ Bìní mọ́, Ìjẹ̀bú-Òde lójúmọmọ ni. Ife kan wà nílé fún un lóṣooṣù, mo sì ti wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò rẹ̀, nítorí wọ́n ń ta èyí tó ti kọjá àsìkò náà o.