Mo lọ wo fáìlì ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù káúńtì wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá ń wá fáìlì ẹjọ́ ilé tàbí ogún, ẹ má wulẹ̀ jókòó sídìí PACER, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fáìlì ẹjọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o, ẹjọ́ kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ló wà níbẹ̀, ọ́fíìsì kílákì kọ́ọ̀tù káúńtì gan-an lẹ máa lọ. Wọn ò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, torí ẹ̀tọ́ aráàlú ni, Supreme Court ti sọ ọ́ láti 1978. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ fún gbogbo èèyàn, mo tẹ orúkọ, nọ́ńbà ẹjọ́ jáde, mo kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ni mo tó sanwó, èyí tó ní òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù sì wọ́n jù ú lọ. Obìnrin tó dá mi lóhùn ní sùúrù gan-an, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan kó lè yé mi.

Ohun tó dùn mí ni pé fáìlì àtijọ́ ò sí lórí kọ̀ǹpútà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró kí wọ́n tó gbé e dé nínú páálí eléruku, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó jáde nílé.