Oògùn ojú tó ń di jẹ́lì: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ó sì tó mi

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ojú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí dókítà ojú ní Adó sọ pé gilokómà, àrùn tó máa ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀, ló ń bá mi jà, ojú òsì mi wà ní 27 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá inú ẹyinjú. Láàárín 10 sí 21 ni wọ́n ń fẹ́. Tímólọ́ọ̀lù lásán, oògùn tó ń dín ìfúnpá yẹn kù, èyí tó ṣàn bí omi, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi: ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Ó ṣiṣẹ́, n kò bú u. Ti alẹ́ ni wàhálà ibẹ̀. Nígbà ọdún, tí aṣọ ẹbí kún ilẹ̀, tí NEPA tún ti mú iná lọ, ta ló fẹ́ máa wá ìgò kékeré kiri nínú òkùnkùn?

Ìyẹn ló mú dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí oníjẹ́lì. Tímólọ́ọ̀lù 0.5% kan náà ni, àmọ́ àárọ̀ nìkan là ń kán an. Merck ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní orúkọ Timoptic-XE. Ti ilé-iṣẹ́ mìíràn lèyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló wù mí jù. Nínú ìgò, ó ń ṣàn. Wọ́n po ohun kan tó ń jẹ́ gellan gum mọ́ ọn, bakitéríà ló ń ṣe é, wọ́n sì ń lò ó nínú oúnjẹ àti ohun mímu kí wọ́n lè ki. Omijé wa ní iyọ̀. Bí ẹ̀kán oògùn bá ti kan iyọ̀ yẹn, gellan á so mọ́ra, á di jẹ́lì lójú ẹsẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀. Olómi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Omijé á gbá a lọ, á gba ihò igun ojú wọ imú, èmi a tiẹ̀ máa tọ́ ọ wò lọ́nà ọ̀fun. Ohun tó bá gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ bá, kì í ṣe ojú tí a torí rẹ̀ rà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka kẹ́místírì ní yunifásítì Ọ̀yẹ́ ní kékeré lèyí. Ó ní àwọn onímọ̀ ti ń ṣe jẹ́lì ní wóró tín-ín-tín-ín tí ojú kò lè rí, nanogel ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wé oògùn sínú rẹ̀ bí ìgbà tí a pọ́n mọ́ínmọ́ín séwé. Ewé yìí wá gbọ́n: èyí tí wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ PNIPAM ṣe á wú nínú omi tútù, tí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 32°C, á sún kì, á tu omi inú rẹ̀ dànù. Ara èèyàn sì jẹ́ 37°C. Òmíràn ń dúró de ibi tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ, bí ara kókó jẹjẹrẹ ṣe sábà máa ń rí, kó tó tú oògùn sílẹ̀. Yàrá ìwádìí lọ̀pọ̀ wọn ṣì wà. Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè gé aṣọ oníbàárà mi.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó. Kí ẹ tó ṣí ìgò, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó fún un títí, kò ní bọ́. Ẹ̀kán rẹ̀ nípọn, á rọ̀ sẹ́nu ìgò díẹ̀ kó tó já. Bó bá ti wọlé, ojú á ṣú bàìbàì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. N kì í ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà yẹn. Èédú ni mo máa ń lọ fẹ́ná sí nínú áyọ́ọ̀nù. Ó tún máa ń gbẹ sí ìpéǹpéjú mi, ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ìpin ni. Bí ẹ bá ní oògùn ojú mìíràn, ẹ kán ìyẹn ṣáájú, ó kéré tán ìṣẹ́jú 10.

Owó rẹ̀ ló dùn mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti olómi, kì í sì í wà nígbà gbogbo. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, wọ́n gbé olómi fún mi, wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Irọ́ ni o! Ẹ wo ara páálí dáadáa, "gel forming" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ojú òsì mi ti wálẹ̀ sí 20. Ohun tí gilokómà bá ti mú lọ kò ní padà, èyí tó kù là ń ṣọ́. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n kán díẹ̀ sójú òun. Wọ́n ní ikọ́ fée, mo sì kọ̀ jálẹ̀, torí tímólọ́ọ̀lù lè dí ọ̀nà èémí irú wọn pa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ jù náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Kì í ṣe oògùn apólò rárá.

Ẹni tó bá mọ ibi tó ti dínwó díẹ̀ ní Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ìgò ọwọ́ mi ti ń tán lọ.