Kingston A400 nínú HP EliteBook 840 G1: ohun tó yẹ ní pípààrọ̀ àti ohun tí kò yẹ

Bí láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ bá ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jí, wọ́n á ní ó ti darúgbó, kí ẹ tà á ní gbàǹjo. Ẹ má tíì tà á. HP EliteBook 840 G1, tó jáde lọ́dún 2013, tí ẹ ò sì ní í wá tì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun tàbí ti OOU ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣì lágbára tó láti fi kọ project, láti fi ṣe Excel, láti fi wo fídíò ẹ̀kọ́. Hard disk inú rẹ̀, ibi tí fáìlì ń gbé, ló ń fà á sẹ́yìn. Kí ẹ tó náwó, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, kí Task Manager yọ. Bí Disk bá ń wà ní 100% ṣáá tí CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ò sì ju 20% lọ, ẹjọ́ hard disk ni. Bí Memory bá ti lé ní 85%, RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló kéré. Bí méjèèjì bá kún, SSD, ohun ìtọ́jú fáìlì tó ń yára tí a fi ń rọ́pò hard disk, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

SSD tí à ń yẹ̀ wò níhìn-ín ni Kingston A400 oní-240GB. Ínǹṣì 2.5 ni, ó nípọn ní mìlímítà 7, ìsopọ̀ SATA 3 ló ń lò, ó sì bá ààyè hard disk 840 G1 mu wẹ́kú. Kingston ní ó ń ka 500MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kọ 350MB. Hard disk àtijọ́ kì í sábà ju nǹkan bí 100MB lọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Bí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ ló ń ṣí. Abẹ́rẹ́ inú hard disk á wá máa sáré sókè sódò bí ẹni tó ń wá ìyá aláta kan ṣoṣo ní Òkè-Ajé lọ́jọ́ ọjà. SSD kò ní ohun kankan tó ń yí. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn á di ìdajì ìṣẹ́jú tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

A400 ní àbùkù tirẹ̀ o. Kò ní DRAM lára, ìyẹn ìrántí kékeré tó ń bá SSD rántí ibi tí fáìlì wà. Ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fọ́tò àti fídíò, tó fẹ́ da 60GB iṣẹ́ Ojúde Ọba sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ tagbáratagbára, ṣùgbọ́n bí ààyè kékeré tó fi ń yára gba nǹkan bá ti kún, yóò wá máa wọ́ bíi hard disk àtijọ́. Irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kúkú fowó kún owó, kó ra Samsung 870 EVO oní-250GB: DRAM wà lára rẹ̀, ọdún 5 ni wọ́n fi ṣe onídùúró fún un, nígbà tí ti A400 jẹ́ ọdún 3. Oní-120GB ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì ẹni tó ń tà á. Windows àti update rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀ tán.

Ní ti RAM, ojúhò méjì ló wà, 16GB sì ni òpin rẹ̀. Bí 4GB kan bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi 4GB mìíràn kún un. Méjì tó dọ́gba máa ń jẹ́ kí àwòrán ojú rẹ̀ náà yá sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi owó ná rèé: DDR3L, oní-1.35V, nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń gbà. Ẹ wo bébà ara RAM náà. PC3L-12800S ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí L yẹn, 1.5V ni. Yóò wọlé, yóò dè, àmọ́ ojú láptọ́ọ̀pù á dúdú kirikiri, iná Caps Lock á máa ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ẹ yọ RAM náà, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò le. Ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, ẹ gba agbára sí bátìrì dé 100% nítorí iná wa tí a mọ̀. Ẹ fi ètò tí wọ́n ń pè ní Rufus gbé Windows, tàbí Linux tó jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, sórí flash tó tó 8GB. Ó sàn kí ẹ gbé e lé e ní tuntun ju kí ẹ ṣe clone (dída gbogbo hard disk kọ bó ṣe wà) lọ, torí clone láti 500GB sí 240GB kì í sábà bọ́ sí i bí ẹ ò bá kọ́kọ́ dín partition, ìyẹn ìpín inú hard disk, kù, àti pé ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá á tẹ̀ lé e wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ti ìkọ́ abẹ́ rẹ̀ sápá kan. Ìdérí á yọ láìlo sukúrúdíráífà. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ tú súkúrù hard disk, ẹ rọra fà á kúrò lẹ́nu ìsopọ̀. Bí irin tàbí rọ́bà bá wà lára rẹ̀, ẹ tú u wọ SSD, kó má baà máa mì. RAM ń wọlé ní dídàgẹ̀rẹ̀: ẹ tì í títí góòlù ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó dún kẹ́. Wọn kì í tì í dénú, ìyẹn ló ń jẹ́ kí 8GB máa hàn bíi 4GB. Ẹ ki flash bọ ẹ̀rọ, ẹ tàn án, ẹ tẹ F9, kí ẹ yan flash nínú àkójọ tó bá yọ.

Ohun tí SSD ò lè ṣe: àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba ọpọlọ Intel ìran kẹrin, ìran kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Linux Mint bá a mu dáadáa. Ọpọlọ ẹ̀rọ yìí, wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ni. Ẹni tó bá ní òun á yọ i5 fi i7 sí i, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá rà á nílé níbí, ní Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó lè fi díẹ̀ ju ti Computer Village ní Ìkẹjà lọ, ṣùgbọ́n ẹ lè dá a padà lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ètò CrystalDiskInfo wò ó níwájú ẹni tó ń tà á: Power On Hours (wákàtí tó ti ṣiṣẹ́) tuntun kì í jìnnà sí òdo. Ètò H2testw ló ń tú àṣírí èyí tó pe ara rẹ̀ ní 240GB tí kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́, ilé ni ẹ ó ti ṣe ìyẹn.

Ẹ má tètè nu hard disk àtijọ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí fáìlì kan máa ń wà tí ẹ gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ ra àpótí USB 3.0 oní-ínǹṣì 2.5, ẹ fi í sínú rẹ̀, kí ẹ máa fi tọ́jú ẹ̀dà àwọn nǹkan yín. Ẹ̀dà nìkan o, ó ti gbó.