Sípíkà ìbàdí fún tíṣà: ohùn ló kọ́kọ́ ń rẹ̀

Nínú ohun tó lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ má baà sú u, èyí tí à ń yẹ̀ wò yìí kò tóbi. Àpótí sípíkà kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni, tó ń gbé ohùn ẹni sókè. Ó ní ìgbànú tí a fi ń so ó mọ́ ìdí, wáyà kan sì so ó pọ̀ mọ́ máìkì tín-ín-rín tí a ń gbé kọ́ etí. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà wúwo tó ìdajì kílò. Ẹ ó ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ń polówó oògùn lọ́jà. Fún tíṣà tí ọmọ tó ju 40 lọ jókòó níwájú rẹ̀, tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ (pírẹ́ọ́dù) márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́, èyí tó ní wáyà yẹ lówó tí a ó fi rà á. Ẹni tí ọmọ 20 péré wà nínú yàrá rẹ̀, tí ògiri yàrá náà sì kan òrùlé, kó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Kí ló kan sípíkà nínú ọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ kò ṣe ní sú olùkọ́? Ó kàn án gan-an. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń kó báni nínú ẹ̀dà kọkànlá ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn àìsàn. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ ló ti ń wá, wọ́n sì tọ́ka sí àmì mẹ́ta: kí agbára èèyàn tán, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́, àti kó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun kò mọ iṣẹ́ náà ṣe mọ́. Ìmọ̀ràn tí à ń gbọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ sábà máa ń dá lórí àmì kejì: ẹ rántí ìdí tí ẹ fi wọ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ìfẹ́ rẹ̀ tún sọ lọ́kàn yín. Àmì àkọ́kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ mójú tó, torí inú ara ló wà. Olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ ti há láti ọjọ́ Wẹ́sidé kò lè fi ayọ̀ dúró níwájú ọmọ lọ́jọ́ Fúráìdé, bó ti wù kó fẹ́ràn iṣẹ́ náà tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́fà tó gba ìṣẹ́jú 40 lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Bí olùkọ́ bá fi ìdajì rẹ̀ sọ̀rọ̀, wákàtí méjì nìyẹn. Tán-án-ná ni awẹ́ ẹran méjì inú ọ̀fun tí ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Ti obìnrin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ọkùnrin ní nǹkan bí 110 sí 120. Èyí ni pé kí agogo ìparí tó lù, tán-án-ná olùkọ́ obìnrin yóò ti gbá ara wọn ju ìgbà mílíọ̀nù kan lọ. Bó bá jẹ́ igbe ló ń ké, ńṣe ni wọ́n ń fi agbára gbá ara wọn. Ibẹ̀ ni wíwú ti ń bẹ̀rẹ̀, bó bá sì pẹ́, kókó lè yọ lára wọn. Àwọn obìnrin ni wàhálà yìí ń bá jù nínú iṣẹ́ olùkọ́.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa kò sì ran ohùn lọ́wọ́. Ọmọ 35 sí olùkọ́ kan ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kíláàsì ìjọba nílùú ńlá ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní gbangba, bí jíjìnnà bá ṣe di ìlọ́po méjì, ohùn ń fi dB 6 lọ sílẹ̀ (dB, ìyẹn désíbẹ́ẹ̀lì, ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún sókè tó). Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ dB 60 ní mítà kan yóò ti di nǹkan bí dB 42 kó tó dé mítà mẹ́jọ. Inú yàrá, ògiri a máa dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà, àmọ́ ariwo ọmọ 50 tó ń ṣí ìwé, tó ń fa bẹ́ǹṣì, ju dB 42 lọ dáadáa. Olùkọ́ kò ní mọ ìgbà tí òun yóò gbóhùn sókè. Étienne Lombard, dókítà ará Faransé, ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1911: bí ariwo bá ti pọ̀ létí ẹni, ohùn ẹni á ga fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "ẹ rọra máa sọ̀rọ̀" fi ṣòro láti tẹ̀ lé lórí ìdúró.

Ẹ̀rí wà pé sípíkà yìí ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Nelson Roy àti àwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí pín olùkọ́ 44 tí ohùn ń yọ lẹ́nu sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fún apá kan ní ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè, wọ́n kọ́ apá kejì ní ìtọ́jú ohùn, irú bí omi mímu àti ìsinmi, wọn kò sì ṣe nǹkan kan fún apá kẹta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn tó lo ẹ̀rọ ni ìnira ohùn wọn dínkù kedere. Ọdún 2002 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Kò túmọ̀ sí pé omi mímu àti ìsinmi kò wúlò. Ohun tó fi hàn ni pé ìmọ̀ràn nìkan kò gba ẹrù lórí ẹni.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni wọ́n ń kọ wáàtì 10 sí lára, tó ní bátìrì litíọ́ọ̀mù tó jẹ́ 1,800 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń fi wáyà USB ṣáájì fún wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́rù fi wáàtì 30 tàn yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu nínú kíláàsì kì í gbà ju wáàtì kan tàbí méjì lọ. Sípíkà tó mọ́ ketekete ní ohùn ìwọ̀nba ló ṣe pàtàkì, torí èyí tó ń dún bí agolo yóò mú kí àwọn ọmọ máa béèrè pé "Kí lẹ wí, ma?", ẹ ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí a ṣe ń dè é mọ́ra ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Máìkì kì í wà níwájú ẹnu gan-an. Ẹ gbé e sí igun ẹnu, ní ìwọ̀n ìka méjì, kí èémí tí ń jáde pẹ̀lú "f" àti "b" má baà máa fẹ́ lù ú. Ẹ jẹ́ kí fóòmù orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ so àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, kí ojú rẹ̀ kọ sí àwọn ọmọ. Ẹ má gbé e kọ́ ọrùn, torí ibẹ̀ sún mọ́ máìkì jù, yóò sì máa han. Híhan yẹn ni ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa ẹ̀rọ náà tì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ohùn tó jáde lára sípíkà ló tún wọ inú máìkì, ẹ̀rọ tún gbé e sókè, ó tún wọlé, títí yóò fi di fèrè. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dín ohùn rẹ̀ kù, kí ẹ sún máìkì mọ́ ẹnu sí i, kí ẹ sì yí àpótí kúrò lọ́dọ̀ ògiri. Ìgbà tí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó láti kọ̀wé ló máa ń han jù, torí ògiri ń dá ohùn padà. Ẹ pa á nígbà náà. Ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe nìyẹn tẹ́lẹ̀, torí bíbá pátákó sọ̀rọ̀ kò ṣe ọmọ kankan láǹfààní.

Láti mọ ibi tó yẹ kí ohùn rẹ̀ dúró sí, ẹ gbé e sí òdo, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ, kí ẹ sì rọra máa fi kún un títí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá yóò fi nawọ́. Ẹ fi kúútẹ́ẹ̀sì sàmì síbẹ̀. Bí ẹ bá kọjá àmì náà, ariwo ni ẹ ń fi kún ariwo.

Àṣìṣe tó tóbi jù ni kéèyàn gbé máìkì kọ́ etí, kó tún máa pariwo. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀, torí ara ti mọ́ igbe. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò jèrè nǹkan kan, tán-án-ná rẹ̀ ṣì ń fi agbára gbá ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń gba àkókò kí ohùn tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yan ọmọ kan sẹ́yìn tí yóò máa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bó bá gbọ́ igbe.

Àǹfààní kan wà tí àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá yóò tètè rí. Nínú igbe, gbogbo ohùn ló ń fẹ́ gòkè. Ohùn ìsàlẹ̀ tí kì í dún jìnnà tẹ́lẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ sọnù. Bí olùkọ́ bá pe igba, igbá, igbà àti ìgbà fún àpèkọ, àwọn ti iwájú á gba ohun tó pè, àwọn tẹ̀yìn á sì máa méfò. Pẹ̀lú sípíkà, dò ń dé ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí mí ṣe ń dé ibẹ̀. Olùkọ́ á tún ní agbára tó kù láti pa àlọ́, láti dá orin kí ọmọ gbè é, láti rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni ayọ̀ iṣẹ́ yìí wà, ohùn tó ti há kì í sì í dé ibẹ̀.

Ó ní àléébù tirẹ̀ náà. Bí ògiri tó wà láàárín kíláàsì méjì bá dúró ní ìdajì, tàbí tí kò sí sílíìnì lókè, sípíkà yín yóò dá tíṣà kejì lágara, òun náà yóò sì gbóhùn sókè. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sípíkà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jọ to iṣẹ́ yín kí ìgbà tí ẹ ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́ ìgbà tí ọmọ tirẹ̀ ń kọ̀wé. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, kò sí sípíkà ìbàdí tó lè borí rẹ̀. Ẹ pa á, kí ẹ fún wọn ní iṣẹ́ àkọsílẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù ni wáyà máìkì, níbi tó ti wọ inú púlọ́ọ̀gì. Ó ń ṣẹ́ nínú láìṣẹ́ níta, ohùn á wá máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ ká wáyà náà lẹ́ẹ̀kan ní ìdí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi téépù dì í mọ́ ara àpótí. Ìyẹn nìkan a máa jẹ́ kó pẹ́. Ihò USB ló tẹ̀ lé e nínú ohun tó ń bàjẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi tipátipá tì í. Bátìrì náà kórìíra oòrùn, ẹ má fi sílẹ̀ sójú fèrèsé tàbí nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá fi jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń ga tó ń lọ sílẹ̀ ṣáájì, páwà báǹkì ni kí ẹ fi sí àárín. Nígbà ìsinmi gígùn, ẹ ṣáájì rẹ̀ dé ìdajì kí ẹ tó gbé e pamọ́, kí ẹ sì tún máa ṣáájì rẹ̀ dé ibẹ̀ lóṣooṣù. Bátìrì tó gbẹ tán tó sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ lè má jí mọ́. Ẹ má yá ẹlòmíì ní fóòmù máìkì yín. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Èyí tí kò ní wáyà wuni, ṣùgbọ́n nǹkan méjì lẹ ó máa ṣáájì, máìkì rẹ̀ sì ni bátìrì rẹ̀ kéré jù. Ibi tí iná NEPA kò ti dúró, olówàáyà ni ká rà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú mẹ́gáfóònù, ọwọ́ wo ni ẹ ó wá fi kọ pátákó? Gbangba pápá ló wà fún.

Sípíkà yìí kò ní bá yín máàkì ìwé, kò sì ní san owó oṣù tó pẹ́. Apá kan àárẹ̀ ló ń gbé. Ẹ fi ohun tí kò gba owó kún un: àtẹ́wọ́ oníwọ̀n tí ọmọ yóò fi mọ̀ pé ó tó àkókò láti dákẹ́, agogo ọwọ́ kékeré, àti ìṣẹ́jú méje nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí olùkọ́ kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Omi díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, dára ju omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Tom Tom a máa tu ọ̀fun lára, àmọ́ tán-án-ná ṣì ń ṣiṣẹ́ kan náà. Kí ohùn má dún jáde kì í sì í ṣe ìsinmi bó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ ń fagbára sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ohùn bá há tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ kúrò lọ́rọ̀ sípíkà, kí ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú itọ́, tàbí tí mímí ń nira, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ì báà jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ìsọ̀ tó wà ládùúgbò yín, ẹ gbé e sí ìbàdí níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka ìlà mẹ́wàá nínú ìwé kan pẹ̀lú ohùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹnìkan dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sọ ohun tó gbọ́. Ẹ mi wáyà rẹ̀ nídìí púlọ́ọ̀gì bí ẹ ṣe ń kà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta máìkì rẹ̀ lọ́tọ̀, torí máìkì ni yóò kọ́kọ́ kú. Bí ẹlẹ́rù kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.